Ohun tí plugin ọ̀fẹ́ ń kà kọ́ ni ohun tí à ń kà

Ká ní aṣọ òfì ni ẹnì kan ń tà ní Ìlọrin, tó wá bẹ ọmọ àdúgbò tó gbọ́ kọ̀ǹpútà pé kó bá òun fi WordPress ṣí ìkànnì. Àwòrán aṣọ 40 ló fẹ́ gbé síbẹ̀. Àwòrán fóònù máa ń wúwo, ó sì máa ń jẹ dátà oníbàárà, ni wọ́n bá wá plugin kan, ìyẹn àfikún iṣẹ́ tí à ń so mọ́ ìkànnì, tó ń mú kí àwòrán fúyẹ́. Ọ̀fẹ́ ni: àwòrán 100 lóṣù. Bí wọ́n ṣe kan aṣọ kẹẹ̀ẹ́dógún, iṣẹ́ dúró. Ìwọ̀n oṣù yìí ti tán, ẹ wá sanwó.

Irọ́ kọ́ ni 100 yẹn. Bí ẹ bá gbé àwòrán ńlá kan sórí WordPress, kì í fi í sílẹ̀ ní ẹyọ kan. Láti ẹ̀yà 5.3 tó jáde ní 2019, ó máa ń ṣe ẹ̀dà 6 tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra, láti píksẹ́lì 150 títí dé 2048, kí fóònù àti kọ̀ǹpútà lè mú èyí tó bá wọn mu. Yóò tún ṣe ọ̀kan tí kò ju 2560 lọ, èyí tó ń lò dípò ojúlówó tí ẹ gbé wọlé. Ó di méje, méjèèje sì ni plugin ń kà. Aṣọ 14 ti jẹ 98 nínú 100. Bí WooCommerce, plugin tí a fi ń tajà lórí ìkànnì, bá wà níbẹ̀, ìwọ̀n 3 mìíràn tún máa ń kún un.

Ẹni tó bá ti ra gàrí nínú kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn tó ṣe plugin mọ ohun tí aráàlú ń pè ní àwòrán. Ibi tí wọ́n kọ 100 sí gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni àwọn ń kà.

Òfin wà o. Ní WordPress.org, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gba plugin, òfin karùn-ún kò gbà kí wọ́n ti iṣẹ́ kan pa sínú plugin títí a ó fi sanwó. Ṣùgbọ́n òfin kẹfà gba plugin tó ń bá sáfà ibòmíràn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ náà láti ọ̀nà jíjìn, ṣiṣẹ́ láàyè, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ka àwòrán. Owó ni wọ́n fi ń bọ́ sáfà, kò sóhun tó burú bí wọ́n bá díwọ̀n rẹ̀. Àmọ́ wọ́n lè yí ìwọ̀n náà padà lọ́hùn-ún láì fọwọ́ kan plugin tó wà lọ́dọ̀ yín.

Ti plugin tí à ń fi ṣe fọ́ọ̀mù sórí ìkànnì ló dunni jù. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀ffà lè fi fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ gba orúkọ ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ kì í tọ́jú ohun tí òbí kọ sórí ìkànnì, ímeèlì nìkan ló ń fi í ránṣẹ́. Bí ímeèlì náà bá sọnù lọ́nà, tàbí tó bọ́ sínú spam, orúkọ ọmọ ti lọ nìyẹn. Òbí ti rí "ẹ ṣeun, a ti gbà á", ó ti jókòó tì í. Ilé ẹ̀kọ́ kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ̀wé.

Owó tí wọ́n ń béèrè kì í sì í dúró lójú kan. Plugin $49 lọ́dún jẹ́ nǹkan bíi ₦23,000 kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Nígbà tí 2024 ń parí lọ, ó ti lé ní ₦73,000.

Kí wàhálà tó dé, ẹ gbé àwòrán kan ṣoṣo sí i, kí ẹ wo iye tó dín nínú 100. Ẹ fi fóònù yín kọ fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì wá a lórí ìkànnì fúnra rẹ̀. Ní ti aláṣọ òfì, ọ̀pọ̀ plugin àwòrán ló ní ibi tí a ti lè yọ àwọn ìwọ̀n tí a kò nílò. Bó bá fi méjì péré sílẹ̀, èyí tó ń hàn lórí àtẹ àti èyí tó ń ṣí bí oníbàárà bá tẹ aṣọ, àwòrán 40 á gba 80, gbogbo ọjà rẹ̀ á sì wọlé nínú oṣù kan náà.