Ẹ Má Ṣe Fi Ogún Ọdún Iṣẹ́ Yín Pamọ́

Láàárín oṣù kan péré, àwọn mẹ́ta tí wọ́n ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti ohun tó lé ní ogún ọdún fi CV wọn hàn mí pé kí n bá wọn wò ó, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó jẹ́ kí ogún ọdún náà hàn níbẹ̀. Ẹni tó ti ń tọ́jú ètò tó ń ṣírò owó-oṣù, tí wọ́n fi COBOL, èdè àtijọ́ kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ, kọ ọ́ pé “onímọ̀ ìgbàlódé” ni òun. Ẹni tó mọ Visual Basic 6, òun náà èdè ètò àtijọ́, tinú-tẹ̀yìn kó orúkọ èdè mẹ́jọ tó wò nínú fídíò jọ. Ìdí iṣẹ́ yìí ni mo ti dàgbà, mo sì ti wà lára àwọn tó ń yan òṣìṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà mo lè sọ ọ́ láìfòyà pé ohun tí ẹ ń pa rẹ́ yẹn gan-an ni àwọn kan ń wá kiri.

Ní ti Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí a ṣe sí ètò, àti àyẹ̀wò ètò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀, mo gbà pé ẹ ti mọ̀ wọ́n. Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ wọ́n, ẹ tètè kọ́ wọn.

Ohun tó ká mi lára ni ìmọ̀ tó wà nínú ètò àtijọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ wo ìṣirò owó. Ìpìlẹ̀ mẹ́wàá ni COBOL sábà máa ń fi ṣírò owó, bí akọ̀wé ṣe ń ṣe é lórí tákàdá, a sì máa gé ìdá tó bá ṣẹ́kù dànù àyàfi bí ẹni tó kọ ètò náà bá kọ ROUNDED síbẹ̀. JavaScript, èdè tí a fi ń kọ ètò orí ayélujára, ní tirẹ̀, bí ẹ bá ní kó ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 ni yóò fún yín, nítorí pé ìpìlẹ̀ méjì, ìyẹn 0 àti 1 nìkan, ló fi ń tọ́jú nọ́ńbà. Ẹni tó bá kó àkọsílẹ̀ owó láti inú ti àkọ́kọ́ sínú èkejì láìmọ ìyàtọ̀ yìí yóò parí iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ yóò dára lójú, ṣùgbọ́n àròpọ̀ kò ní bára mu, kò sì ní mọ ibi tí owó gbà lọ. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni kí ẹ kọ: iye ènìyàn tí ètò yín ń san owó fún, ohun tó bàjẹ́ ní òru, àti bí ẹ ṣe tún un ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kíkó nǹkan kúrò nínú ètò kan bọ́ sínú òmíràn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, báńkì TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn oníbàárà rẹ̀ bọ́ sórí ètò tuntun, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 nínú wọn kò sì rí àpò owó wọn ṣí. Ní 2022, àwọn aláṣẹ bu ìtanràn mílíọ̀nù £48.65 lé báńkì náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Phil Murphy, tó jẹ́ gómìnà New Jersey ní Amẹ́ríkà nígbà náà, bọ́ sí gbangba láti wá àwọn tó mọ COBOL, nígbà tí ètò tó ń san owó ìrànwọ́ fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kò lè gbé èrò mọ́.

Síbẹ̀, àwọn tó ń ta ìwé-ẹ̀rí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti àwọn tó ń gbowó kọ CV fún ni, ń sọ fún àwọn àgbà iṣẹ́ pé kí wọ́n purọ́ nípa ara wọn. Inú ń bí mi sí wọn. Ọkùnrin kan wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́dọ̀ wa. Ó kọ ọ́ pé òun ti fi React, irinṣẹ́ ìgbàlódé tí a fi ń kọ ojú ìkànnì, ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì ni òógùn ti bò ó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni alábàáṣiṣẹ́ mi kan, tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí, rí orúkọ rẹ̀, ó sì ní ọkùnrin náà ló fi ọdún mọ́kàndínlógún tọ́jú irú mainframe, kọ̀ǹpútà ńlá àwọn iléeṣẹ́, tí a ń wá ẹni tí yóò bá wa kó àkọsílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Mo pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n a ti gba ẹlòmíràn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó ní, “Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹ mọ̀.”