Ìdá Ọjà: Ohun Tí Àwọn Aṣekọ̀ǹpútà Ń Jà Sí

Inú máa ń bí mi tí mo bá ń ka àpilẹ̀kọ Yorùbá nípa òwò kọ̀ǹpútà, tí òǹkọ̀wé sì kọ “màkẹ́ẹ̀tì ṣíà” síbẹ̀, ìyẹn iye tí ilé-iṣẹ́ kan ń tà nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà, tó ń bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé a kì í ná ọjà kí òyìnbó tó dé. Èdè tó ní ọjà, òwò, àjàpá, èrè, èlé àti ẹ̀dínwó kò yẹ kó wá tọrọ ọ̀rọ̀ fún nǹkan yìí.

Àwọn kan ti gbìyànjú lóòótọ́. Wọ́n pè é ní “ìpín ọjà”, ó sì ń tàn kálẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìpín ni a ń pe ohun tí èèyàn rà nínú ilé-iṣẹ́ kó lè máa jẹ èrè níbẹ̀. Ẹni tó ní ìpín nínú HP, aṣekọ̀ǹpútà kan, ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni HP. Bí a bá wá tún ń sọ pé HP ní ìpín, ọ̀nà méjì ni òǹkàwé máa gbà á sí. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé ìpín gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń pín in. Bàbá kú, ẹbí pín ogún, oníkálukú kó tirẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ta ló ń pín oníbàárà fún aṣekọ̀ǹpútà? Ohun tó ní lọ́wọ́ lónìí, ẹlòmíràn lè ti gbà á kí ọdún tó yí.

Àwọn tó ń kọ “ìjẹgàba ọjà” tún wá ṣì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kò jẹgàba lórí ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó ní nǹkan lọ́jà, a sì gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́.

Ìdá ọjà ni mo ń lò, òun náà ni màá máa lò. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ ìdá: ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá kì í dá dúró. Bí ẹnì kan bá ti dárúkọ rẹ̀, a óò bi í pé mélòó nínú mélòó, ìbéèrè yẹn gan-an ló sì yẹ ká máa bi gbogbo ẹni tó bá ń fi ọjà yangàn. Wọ́n ní ó gbẹ létí. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, kó gbẹ. Yálà iye ẹ̀rọ la kà tàbí iye owó tó wọlé, mi ò ní fi ìyẹn dá wa dúró. Ní ti bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ọjà, ìdíyelé ti tó o, ẹ má fi “sítrátẹ́jì” kún un.

Báwo ni ìdíyelé ṣe ń mú ìdá ọjà wá? Ẹ lọ dúró sí Òṣòdì nírọ̀lẹ́. Danfo mẹ́rin ń pe Ìkẹjà, iye kan náà ni wọ́n ń gbà. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ kan bá já owó tirẹ̀ wálẹ̀, èrò sì ya bò ó. Èrè rẹ̀ lórí èrò kan dín kù, àmọ́ ọkọ̀ ń kún kíákíá, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó tún ń kó. Owó ojúmọ́ tí wọ́n máa gbé fún ọlọ́kọ̀ kò yí padà, wọn ì báà rìn lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Bó bá ti pín sórí èrò púpọ̀, ó fúyẹ́, wọ́n sì lè tún já owó wálẹ̀ sí i. Àwọn mẹ́ta tó kù á tẹ̀ lé wọn tàbí kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ òfìfo. Ẹni tí ìnáwó rẹ̀ wúwo jù ló máa kọ́kọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Elépo nìkan ni ìjà yìí kò kàn: ọkọ̀ yòówù kó kún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò ti ra epo.

Nínú òwò kọ̀ǹpútà, Intel àti Microsoft ni elépo. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé PC rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan lè dá lò, jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, tí owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 1,565, ọ̀dọ̀ Intel ló ti ra ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ọ̀dọ̀ Microsoft ló ti gba DOS, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, kò sì dí àwọn méjèèjì lọ́wọ́ láti tà á fún ẹlòmíràn. Bí Compaq, aṣekọ̀ǹpútà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 láti máa ṣe ẹ̀rọ tó bá ti IBM mu, ṣe rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Compaq kò sì fi pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀. Ojúlówó ẹ̀rọ ló ń tà, ní owó tí kò kéré sí ti IBM, títí àwọn tó ń ta tiwọn ní pọ́ọ́kú fi jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ní 1991, ìgbìmọ̀ olùdarí Compaq yọ Rod Canion, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, nípò ọ̀gá àgbà, wọ́n fi Eckhard Pfeiffer rọ́pò. Ní oṣù kẹfà 1992, Pfeiffer gbé àwọn kọ̀ǹpútà ProLinea jáde, èyí tó rọjú jù nínú wọn kò tó dọ́là 1,000. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò dá ni pé wọ́n ti kọ́kọ́ dín ìnáwó kù, wọ́n tún ẹ̀rọ yà, wọ́n mú àwọn tó ń ta ẹ̀yà fún wọn kí wọ́n máa bára wọn du iṣẹ́, kí wọ́n tó já owó. Nígbà tó fi máa di 1994, Compaq ló ní ìdá ọjà tó pọ̀ jù lágbàáyé.

Dell, aṣekọ̀ǹpútà mìíràn, tún rí ibi tí ìnáwó fara pamọ́ sí. Ẹ̀yà kọ̀ǹpútà máa ń gbó lọ́wọ́, owó rẹ̀ ń jábọ́ bó ṣe wà nínú ilé ìkẹ́rù. Nígbà náà, Dell kì í to ẹ̀rọ àfi tí oníbàárà bá ti sọ èyí tó fẹ́, kò sì gba ọwọ́ alágbàtà kọjá. Ní 2001 ó gba ipò kìíní. HP ra Compaq ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di 2005, IBM tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ PC tirẹ̀ tà fún Lenovo, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà. Apple ní tirẹ̀ kọ̀ láti bá wọn já owó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní 1997, àmọ́ lónìí, pẹ̀lú ìdá tí kò tó ọ̀kan nínú márùn-ún, èrè ńlá ló ń jẹ lórí kọ̀ǹpútà.

Ó wá ku ti ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé HP ló ní ọjà ní Nàìjíríà, nítorí pé EliteBook, kọ̀ǹpútà alágbèéká HP, ló kún iwájú ṣọ́ọ̀bù láti òpópónà Ọ̀tìgbà dé Pẹ́pù. Ẹ̀rọ tuntun tó kúrò lọ́wọ́ aṣekọ̀ǹpútà ni IDC àti Gartner, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣírò ìdá ọjà, ń kà. EliteBook tí ọ́fíìsì kan ní London ti lò kó tó wọ kọ̀ǹténà, ọ̀hún ni wọ́n ti kà á, ní ọdún tí wọ́n rà á. HP kọ́ ló dá iye lé e níbí pẹ̀lú. Iye dọ́là, bátìrì rẹ̀, àti ẹnu ẹni tó ń tà á ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìdá ọjà HP ní Èkó, kó kọ́kọ́ sọ fún wa bóyá tòkunbọ̀ wà lára ohun tó kà.