Ádífẹ́ǹtì nínú ilé ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣàbẹ

Ádífẹ́ǹtì, tí àwọn tó kàwé Faransé ní Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Avent, ni àsìkò tí àwọn Krístẹ́nì fi ń retí ọjọ́ ìbí Jésù, tí wọ́n sì tún ń retí ìpadàbọ̀ rẹ̀. Látinú èdè Látìnì lọ́rọ̀ náà ti wá, adventus, ìyẹn "dídé". Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, èyí àkọ́kọ́ ni èyí tó bá súnmọ́ 30 Oṣù Kọkànlá jù, torí náà kì í ṣáájú 27 oṣù yẹn, kì í sì í kọjá 3 Oṣù Kejìlá. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí gígùn ẹ̀ dọ́gba lọ́dọọdún, ó lè jẹ́ ọjọ́ 22, ó lè tó 28. Lọ́dún 2023, ọjọ́ Ìsinmi kẹrin bọ́ sí 24 Oṣù Kejìlá gan-an, wọ́n ṣe Ádífẹ́ǹtì láàárọ̀, ilẹ̀ ò tíì ṣú tán wọ́n ti ń kọrin Nóẹ̀lì, ìyẹn Kérésìmesì.

Nínú ìjọ Àgùdà, bí Yorùbá ṣe ń pe ìjọ Kátólíìkì, Ádífẹ́ǹtì lọdún ìjọ fi ń bẹ̀rẹ̀. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kétu wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Àjàṣẹ́, Ṣàbẹ wà lábẹ́ ti Ìdáàsà. Aṣọ àlùkò ni fàdá máa ń wọ̀, wọn kì í kọ orin Glóríà ní Mísà ọjọ́ Ìsinmi, àfi ọ̀sẹ̀ kẹta ni àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń jáde torí ọjọ́ ayọ̀ ni.

Inú ilé ni pípa Ádífẹ́ǹtì mọ́ ti máa ń le. Àsìkò yẹn náà lọyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, eruku lórí ohun gbogbo, àwọn ará oko Kétu àti Ṣàbẹ ń kórè òwú, àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò kọ̀ńpósísọ̀n nílé ìwé, télọ̀ ò tíì rán aṣọ Nóẹ̀lì débì kankan, àwọn ọmọ kàlẹ́tà sì ti ń lùlù kiri àdúgbò pẹ̀lú ìbòjú wọn kí ọdún tó dé. Ta ló fẹ́ jókòó ronú nínú gbogbo ìyẹn? Èyí tó sábà ń ṣeé ṣe ni ohun kékeré tí kò gba àkókò: kí wọ́n ka ẹsẹ Bíbélì kan kí wọ́n tó jẹun alẹ́, kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kí ọmọ kan gbàdúrà ní ohùn tirẹ̀. Bí màmá bá ń ro ọkà lọ́wọ́ nígbà yẹn, ó lè máa rò ó lọ, ìrètí kì í dá iṣẹ́ dúró, aboyún pàápàá tó ń retí ọmọ ṣì ń lọ sọ́jà. Nínú ilé tí mùsùlùmí àti Krístẹ́nì jọ ń gbé, èyí tó pọ̀ dáadáa l'Ájàṣẹ́, wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni dìde, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ á gbọ́.

Àwọn kan máa ń fi ewé ṣe òrùka, wọ́n á to àbẹ́là mẹ́rin sí i, wọ́n á máa tan ọ̀kan kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Pásítọ̀ Johann Hinrich Wichern ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Hamburg, ní Jámánì, lọ́dún 1839, fún àwọn ọmọ tó ń tọ́ tí wọn ò yé béèrè pé ọjọ́ mélòó ló kù. Tiẹ̀ ní àbẹ́là kékeré 20 àti ńlá 4. Ewé tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún ò sí níbí, ewé máńgòrò tàbí imọ̀ ọ̀pẹ tó (bí iná bá lọ, àbẹ́là náà á kúkú ṣiṣẹ́ méjì).

Láti 17 sí 23 Oṣù Kejìlá, ìjọ ní ègbè pàtàkì méje tó máa ń ṣáájú orin Màríà nínú àdúrà ìrọ̀lẹ́, "Ìwọ" ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń to ilé ẹran Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, èyí tí Fransisi ará Asisi kọ́kọ́ ṣe ní Greccio lọ́dún 1223. Wọ́n á to màlúù, wọ́n á to Màríà àti Jósẹ́fù, wọ́n á fi ibùjẹ ẹran sílẹ̀ lófìfo. Alẹ́ 24 ni wọ́n tó ń gbé ọmọ náà sí i, àwọn ọmọdé á sì ti tú gbogbo dúrọ́ọ̀ ilé wò kó tó dìgbà yẹn.