Idán kọ́, Decal Ni: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Fọ́nrán kan ń lọ láti orí fóònù dé orí fóònù. Ẹnì kan ki bébà kékeré bọ omi, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tì í, àmì roboto tó wà lójú bébà náà sì rọra ṣí lọ sórí apá Spitfire, ọkọ̀ òfurufú ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó kéré débi tí wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Àwọn kan ní idán ni, àwọn kan ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Decal ni: àwòrán fẹ́lẹ́ tí a ń fi omi ṣí kúrò lórí bébà, tí a sì ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ kékeré tí a tò.

Ṣé nǹkan tuntun ni?
Rárá o. Airfix, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti ń ta Spitfire kékeré tí èèyàn ń tò fúnra rẹ̀ láti àwọn ọdún 1950.

Ṣé sítíkà ni?
Rárá. Sítíkà nípọn jù. Ní ìwọ̀n 1/72, ìyẹn ìdá kan nínú méjìléláàádọ́rin ti ọkọ̀ gidi, apá Spitfire tó gùn ju mítà 11 lọ ti di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 àti ààbọ̀. Etí sítíkà lórí rẹ̀ á hàn ketekete.

Kí ló ń mú un ṣí kúrò lórí bébà?
Gọ́ọ̀mù tó ń yòrò nínú omi ló wà láàárín bébà àti awọ fẹ́lẹ́ tí àwòrán wà lára rẹ̀. Ẹ fi sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, ẹ gbé e lé tíṣù fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó tì í. Ẹ má fi í sínú omi títí yóò fi léfòó. Gọ́ọ̀mù tó kù lábẹ́ rẹ̀ la fẹ́ kó lẹ̀ ẹ́.

Kí ló dé tí tèmi fi ń funfun lábẹ́?
Ọ̀rọ̀ gan-an nìyí. Ọ̀dà ọkọ̀ ogun kì í sábà dán, ojú ọ̀dà tí kò dán sì rí gbágungbàgun, bí a ò tiẹ̀ fojú rí i. Decal tí a tẹ́ lé e dà bí ẹní tí a tẹ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́: orí òkúta nìkan ló kàn, afẹ́fẹ́ ló wà lábẹ́ ìyókù. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta lára afẹ́fẹ́ yẹn lẹ rí ní funfun. Nítorí náà, fáníìṣì tó ń dán ni kó ṣáájú, kó dí àwọn kòtò náà. Decal tẹ̀ lé e. Fáníìṣì tí kò dán ló kẹ́yìn, òun ló máa pa dídán náà. Ẹni tó bá fo ti àkọ́kọ́, torí pé a ṣì máa pa dídán rẹ̀ rẹ́, fowó ra wàhálà ni.

Oògùn tún wà. Micro Set ti ilé iṣẹ́ Microscale, tó ń rùn bíi fíníga, lọ sábẹ́ decal. Micro Sol lọ sórí rẹ̀, ó ń mú kó rọ̀ kó lè wọnú àwọn ìlà ara ọkọ̀. Decal náà á kọ́kọ́ hunjọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ jẹun. Yóò tẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìgbà wo ni ká fín fáníìṣì ìkẹyìn?
Lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu àbàwọ́n gọ́ọ̀mù kúrò. Ẹ fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún fín in. Fáníìṣì líle tí a rọ́ lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè jẹ decal náà.

Ṣé mo lè tẹ̀ ẹ́ nílé?
Ẹ lè ṣe é, bébà rẹ̀ wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n omi máa ń fọ inki ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé, nítorí náà ẹ fín fáníìṣì lé e kó tó kan omi. Ẹ̀rọ ilé kì í sì í ní inki funfun. Ibi tó yẹ kó funfun kò ní ní àwọ̀ kankan, ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ lẹ máa rí.

Ṣé fáníìṣì náà léwu?
Èyí tí a ń fín léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ lo ìbòmú, ẹ ṣí fèrèsé. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, bíi ti Èkó lákòókò òjò, ẹ dúró, torí ó lè gbẹ ní funfun.

Mo ní decal àtijọ́ ńkọ́?
Bó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ fi sínú àpò ọ̀rá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èyí tẹ́ ẹ ò nílò dán omi wò. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ kun Liquid Decal Film, oògùn olómi tó ń gbẹ di awọ fẹ́lẹ́, lé ìyókù, kó gbẹ, kí ẹ wá gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, torí awọ tuntun náà ti so gbogbo wọn pọ̀.