Ìtọ̀ Tí Ẹ Ń Mú Mọ́ra Lọ́jà

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, obìnrin mẹ́rin ti jókòó síwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ti ẹnu wọn jáde: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, tọ́lẹ́ẹ̀tì infẹ́ṣọ̀n ló ń dà mí láàmú." Mo bi wọ́n pé ta ló yẹ̀ wọ́n wò. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti lò. Ọ̀kan ti gbé kápúsù apakòkòrò mì, ọ̀kan ti mu àgbo ọlọ́tí, ọ̀kan ti fi omi iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù fọ ojú ara dé inú lọ́hùn-ún. Ẹ̀kẹrin ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí nílùú Ìbàdàn yìí. Kò sí àrùn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, n kò sì rí èsì àyẹ̀wò kan tó gbé orúkọ yẹn jáde rí. Àwọn tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì, àwọn alágbo, àtàwọn tó ń polówó ọjà lórí fóònù ló sọ ọ́ lórúkọ. Àìsàn mẹ́ta, ó kéré tán, ni ẹ kó sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí, ìtọ́jú wọn ò sì papọ̀ rárá.

Èyí tó ń yún yín, tí nǹkan funfun bíi wàrà tó dì ń bá a jáde, ohun tín-ín-tín kan bíi èbu tó ń jẹ́ Candida ló ń fà á. Ara yín ló ti ń gbé tẹ́lẹ̀, kò ti inú ṣáláńgá kankan wá. Àwọn kòkòrò rere kan wà lójú ara obìnrin, lactobacillus lorúkọ wọn, àwọn ló ń jẹ́ kí ibẹ̀ kan díẹ̀, kíkan yẹn ló sì ń ká Candida lọ́wọ́ kò. Ẹ wá gbé kápúsù apakòkòrò mì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ yín wò. Kápúsù náà ò lè pa Candida, kì í ṣe irú kòkòrò tí wọ́n ṣe é fún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló pa. Nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kejì, ìyún á tún gbérí, ẹ ó ní "infẹ́ṣọ̀n yìí mà lágbára o", ẹ ó tún lọ ra páálí mìíràn. Ẹni tó ń tà á fún yín mọ̀ pé ẹ ń padà bọ̀. Omi iyọ̀, álọ́ọ̀mù, omi apakòkòrò tó yẹ ká fi fọ ilẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe níbẹ̀. Ojú ara ń fọ inú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìta ni kí ẹ fi omi ṣan.

Èkejì ni àtọ̀sí. Kòkòrò rẹ̀ kì í pẹ́ kú tó bá ti kúrò lára èèyàn. Ẹ kì í kó o lórí ìjókòó tọ́lẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ bá sùn ni ẹ ti ń kó o, ó sì yẹ kí onítọ̀hún náà wá gba abẹ́rẹ́. Mo ti rí ọkọ tó jókòó níwájú mi tó ń fi Ọlọ́run búra pé ṣáláńgá ọjà ló kó o ran ìyàwó òun. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Ẹ̀kẹta gan-an ni mo torí ẹ̀ mú kálàmù: ìtọ̀ tó ń ta bí ata, tí èèyàn á lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá tí kò ní ju ẹ̀kán mélòó kan lọ, tí abẹ́ ìdodo á máa wúwo. Inú àpò ìtọ̀ ni wàhálà wà. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló ń gbé e wá jù, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà àwọn olùkọ́. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Inú ìfun gbogbo wa ni kòkòrò tó ń fà á jù lọ ń gbé. Wọ́n ń pè é ní E. coli, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ Theodor Escherich ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1885, orúkọ ọkùnrin náà ni E yẹn. Nínú ìfun, kò ṣe wá ní nǹkan kan. Àmọ́ lára obìnrin, ẹnu ọ̀nà ìgbẹ́ àti ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ ò jìnnà síra, láti ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ dé inú àpò ìtọ̀ kò sì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ti ọkùnrin tó nǹkan bí 20. Ìdí nìyẹn tó fi ń mú yín ju àwọn ọkọ yín lọ. Kì í ṣe torí pé ẹ jẹ́ ọ̀bùn. Mo ní láti sọ èyí ketekete, torí obìnrin kan ti sunkún níwájú mi rí pé ìyá ọkọ òun ti pe òun ní ọ̀bùn láàárín ẹbí.

Ojoojúmọ́ ni kòkòrò yìí ń gbìyànjú àtigòkè. Ìtọ̀ ló ń gbá a sẹ́yìn. Ẹ wo odò tó ń ṣàn àti kòtò tí omi dá sí, èwo ni ẹ̀fọn ń yé sí? Tí àyè bá gba E. coli kan ṣoṣo, á di méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Ẹ tọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ ò tún tọ̀ mọ́ títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: ẹyọ kan yẹn nìkan lè ti lé ní mílíọ̀nù 16. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà ń gba nǹkan bí ìgò mínírà 50cl. Tó bá ti gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ti máa ń ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀yin á ní kó dúró, oníbàárà ń ná ọjà lọ́wọ́. Á tún ránṣẹ́, ẹ ó pa ẹsẹ̀ pọ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ kì í mu omi láti òwúrọ̀ kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n yín. Ìtọ̀ díẹ̀ tó wà níbẹ̀ á wá ki bí àgbo, á jókòó síbẹ̀ kalẹ̀.

Ìwádìí kan jáde ní 2018. Obìnrin 140 ni, gbogbo wọn ni àìsàn yìí ń padà bá, wọn ò sì í mu omi tó. Wọ́n ní kí ìdajì wọn fi lítà kan àbọ̀ kún omi tí wọ́n ń mu lójúmọ́ fún ọdún kan. Iye ìgbà tí àìsàn náà mú àwọn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Omi lásán. Alágbo wo ló ní oògùn tó ṣe bẹ́ẹ̀? Kó gbé e wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo máa ń sọ gbogbo èyí fáwọn obìnrin tó bá wá, wọ́n á mi orí. Ìyá kan tó ń ta ata ló dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́: "Àǹtí, ẹ ní kí n máa mu omi, kí n máa tọ̀. Ibo ni kí n máa tọ̀ sí?"

Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, mo wọ ìró àti bùbá, mo sì lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì ọjà wọn. Yàrá mẹ́fà ni mo bá. Wọ́n ti fi àgádágodo ti mẹ́rin pa. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gba ₦100 lọ́wọ́ mi, ó ní ₦50 ni ti omi, ó sì bu ìdajì korobá fún mi. Ilẹ̀kùn ò ní ìdè. Okùn kan ni wọ́n so mọ́ ọn, èèyàn á lóṣòó, á fi ọwọ́ kan fa okùn náà kí ilẹ̀kùn má baà ṣí, á fi ọwọ́ kejì ká ìró sókè. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan oṣù, ọwọ́ wo ni yóò fi pààrọ̀ páàdì? Gbogbo okùn náà ti dúdú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo jáde, mo wá omi ìfọwọ́, kò sí. Mo béèrè ọṣẹ, ọkùnrin náà wò mí. Lẹ́yìn ògiri, àwọn ọkùnrin tò, wọ́n ń tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ àkọlé tó ní kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ síbẹ̀.

₦100 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́fà, ₦1,800 nìyẹn lọ́sẹ̀, kí a tó ka owó omi. Kí ni èrè ẹni tó ń ta ata òkìtì òkìtì nílẹ̀?

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ "tọ́lẹ́ẹ̀tì infẹ́ṣọ̀n" ti ń bí mi nínú gidi. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin láti sá fún tọ́lẹ́ẹ̀tì, nígbà tó jẹ́ pé àìsí tọ́lẹ́ẹ̀tì tó ṣeé wọ̀ ló ń ṣe wọ́n. Ó sì ń gba àwọn tó ń gbowó ọjà lọ́wọ́ ẹ̀bi. Nígbà ayé ìyá mi, wolé-wolé á wọ agbo ilé, á ṣí àmù wò, á ṣí ṣáláńgá wò, ẹni tí tirẹ̀ ò bá dáa á rí ìwé ẹjọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì. Ní 2019 wọ́n fọwọ́ sí àṣẹ pé yíyàgbẹ́ síta gbangba gbọ́dọ̀ dópin ní Nàìjíríà nígbà tó bá fi máa di 2025. Ọdún 2025 náà dé bá wa, okùn ṣì ni ìdè ilẹ̀kùn.

N kò sọ pé ṣáláńgá ẹlẹ́gbin ò lè pani o. Ọwọ́ ni ó ń gbà pani. Okùn yẹn, etí korobá yẹn, owó tí ẹni náà ṣẹ́ fún yín, lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ yẹn bu àkàrà. Onígbáméjì, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, aràn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ní 2021, onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 3,600 ní Nàìjíríà. Oṣù kẹfà 2024 ló tún jà l'Ékòó. Ẹ mú ọṣẹ kékeré sínú àpò yín.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan. Ọmọ ogún ọdún ni, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, ó ń bá àǹtí rẹ̀ ta lésì. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí ìsọ̀, aago méje alẹ́ ni wọ́n ń tì í, àǹtí rẹ̀ ò sì fẹ́ kó máa kúrò nídìí ọjà. Oyún ń tì í láti tọ̀ ṣáá. Ó wá gba omi lẹ́nu ara rẹ̀. Yóò jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án, yóò fi omi ẹ̀kún ẹnu kan tì í.

Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Alágbo tó ń kiri gba ₦800, ó ní tọ́lẹ́ẹ̀tì infẹ́ṣọ̀n ni, ó bu àgbo ọlọ́tí fún un. Aláboyún! Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún lápá ọ̀tún, lábẹ́ egungun ìhà, ara rẹ̀ gbóná, ó ń gbọ̀n. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ra oògùn ibà. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi lórí ọ̀kadà, àǹtí rẹ̀ dì í mú látẹ̀yìn. Ooru ara rẹ̀ jẹ́ 39.8. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́ẹ́ lápá ọ̀tún, ó ké. Kòkòrò ti kúrò nínú àpò ìtọ̀, ó ti gun kíndìnrín. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ikùn náà le gbandi lábẹ́ ọwọ́ mi, ó rọ̀, ó tún le. Mo wo aago: ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

A fi omi sí i lára, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Òru ọjọ́ náà ló bí i. Ọkùnrin ni. Kò wọ̀n ju kílò kan ó lé díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò.

Àǹtí rẹ̀ padà wá bá mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé torí ìtọ̀ lásán náà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Torí ìtọ̀ ni.

Oyún máa ń dẹ ọ̀nà ìtọ̀, kòkòrò á sì rọra gòkè, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ó ta ìyá rárá. Ìdí tí a fi ń gba ìtọ̀ aláboyún nìyẹn tó bá ti wá, ẹ má rò pé a kàn ń fi àsìkò yín ṣòfò.

Tí ìtọ̀ bá ta yín lónìí, ẹ wá lónìí, ẹ má kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ alágbo. Tí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, tí ara ń gbóná mọ́ ọn, ẹ má dúró di ọ̀la. Tí a bá ní kí ẹ tọ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù díẹ̀, ti àárín ni kí ẹ gbà sínú ike tí a bá fún yín. Ẹ má ṣe rọ ìtọ̀ sínú ìgò mínírà wá láti ilé. Ìyá kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù tó kọjá, àyẹ̀wò ní ṣúgà kún inú ìtọ̀ rẹ̀, ó ti ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pẹ̀lú omijé kí n tó bi í pé kí ló wà nínú ìgò náà tẹ́lẹ̀. Ike wà lọ́dọ̀ wa, a kì í gba owó rẹ̀.