Ẹ Má Bá Mi Pa Iná

Láàárín oṣù méjì yìí, olùdarí eré mẹ́ta ló ti wá bá mi pé àwọn fẹ́ ya fíìmù Gótíìkì, ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kọ́kọ́ béèrè ni iye ẹ̀jẹ̀ tí a óò pò àti ibi tí a ti lè yá ẹ̀rọ tó ń tu èéfín. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè ilé. Bẹ́ẹ̀, ilé gan-an ni ọ̀gá òṣèré nínú irú eré yìí: ilé ńlá tó ti gbó, tí wọ́n ti yàrá kan pa nínú rẹ̀, tí ohun tí ẹni tó ti kú ṣe nígbà ayé rẹ̀ kò sì jẹ́ kí àwọn tó kù níbẹ̀ fojú kan oorun. Bó ṣe wà nìyẹn láti 1764 tí òǹkọ̀wé Horace Walpole ti tẹ The Castle of Otranto, ìtàn ilé olódi tí irú ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, jáde ní Ìlú Ọba. Èmi kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, nítorí ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n kò yẹ kó máa wá kámẹ́rà yá. Iná ni iṣẹ́ mi.

Iná náà la sì fi ń kọ́ òkùnkùn inú sinimá. Kámẹ́rà kò ní ojú bíi tiwa: bí ẹ bá pa gbogbo àtùpà nítorí pé ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, àwòrán aláwọ̀ eérú tó kún fún wóró-wóró ni yóò gbé fún yín. Dúdú kì í dúdú lójú òǹwòran àfi bí funfun kan bá jókòó tì í. Àtùpà tí ojú rẹ̀ kéré ló ń jẹ́ kí etí òjìji mú bí abẹ, bí òṣèré bá sì ṣe sún mọ́ àtùpà náà tó ni òjìji rẹ̀ lára ògiri ṣe ń tóbi tó. Ẹni tó bá wá ta aṣọ funfun bo ojú àtùpà kó má ṣe bi mí ibi tí òjìji gbà lọ. Nínú Nosferatu tí F. W. Murnau ṣe ní Jámánì ní 1922, òjìji òkú amùjẹ̀ náà nìkan la rí tó ń gun àtẹ̀gùn, tó na ọwọ́ eléèékánná gbọọrọ síwájú, òjìji ọwọ́ kan náà ló sì gbá obìnrin kan láyà mú. Ní 1920, àwọn tó ṣe The Cabinet of Dr. Caligari fi ọ̀dà kun òjìji sára ògiri àti ilẹ̀ ni. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ n kò jẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni dán an wò lọ́dọ̀ mi.

Ẹni tí mo ń dọ̀bálẹ̀ fún ni Freddie Francis, ayàwòrán sinimá tó ya The Innocents tó jáde ní 1961. Ojú àwòrán náà fẹ̀ jù fún ìtàn tó yẹ kó há mọ́ obìnrin kan lọ́rùn, ó wá kun ẹ̀gbẹ́ gíláàsì tí wọ́n ń fi síwájú lẹ́ǹsì, òkùnkùn sì ń rọ́ wọlé láti ọ̀tún àti òsì. Àbẹ́là tí obìnrin náà gbé rìn nínú ilé, olówùú mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n ṣe é, kí iná rẹ̀ lè tó.

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé dandan ni kí a lọ yà á ní ilé tí ènìyàn ti kú sí, kí ẹ̀mí ibẹ̀ lè bá wọn wọnú àwòrán. Ẹ gbà mí o! Nínú The Haunting, tí Robert Wise ṣe ní 1963, ilẹ̀kùn kan ń wú bí ẹni pé ó ń mí, ẹnikẹ́ni kò sì rí iwin kankan títí eré fi parí. Òṣìṣẹ́ alágbára kan ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà tó ń tì í. Ní ti àwọn tó ní kí a yà á lọ́sàn-án kí wọ́n lọ fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di àwọ̀ búlúù kó lè jọ òru, òjìji ti mọ ibi tó kọjú sí kó tó dé orí kọ̀ǹpútà.

Olùdarí kan ni n kò lè gbàgbé. Ó ní òun kò fẹ́ àtùpà mi rárá, àbẹ́là nìkan, ṣebí ohun tí Stanley Kubrick fi ya Barry Lyndon nìyẹn ní 1975. Mo sọ fún un pé lẹ́ǹsì tí Kubrick lò fún àwọn ibi alábẹ́là wọ̀nyẹn, NASA, àjọ ìwádìí òfurufú Amẹ́ríkà, ni Zeiss, iléeṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́ǹsì, ṣe é fún, èyí tó wà lọ́wọ́ wa kò sì lè gba ìdámẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́. Ó to àbẹ́là 23 sórí àtẹ̀gùn, ó sì ní kí òṣèrébìnrin kan máa fa aṣọ funfun gbọọrọ sọ̀ kalẹ̀ láàárín wọn. Nígbà tí mo ní kí ẹnì kan dúró nítòsí pẹ̀lú omi, ó ní yóò da ọkàn òṣèré rú. Nígbà kẹta tí a yà á, ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ gbá àbẹ́là kan níbi tí àtẹ̀gùn ti yí kọ́rọ́. Iná ti dé orúnkún kó tó mọ̀, nítorí ó rò pé ooru àwọn àbẹ́là tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Aṣọ dúdú tí mo fi ń dí ìmọ́lẹ̀ ni mo fi wé e mọ́lẹ̀. Ó yè é, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ojúgun.

Nígbà tí a wo ohun tí a yà lálẹ́ ọjọ́ náà, àmì pupa rúsúrúsú 23 nínú eérú ni ìgbà àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ìgbà kẹta, ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí aṣọ òṣèrébìnrin náà ń jó, nìkan ni ojú rẹ̀ fi hàn kedere. Olùdarí náà ní kí n bá òun fi í pamọ́, ó lè wúlò. Mo ti ń di àtùpà mi sínú àpótí nígbà yẹn.