Kí ló wà nínú ṣùkù àgbàdo tí à ń dáná sun?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi ṣùkù àgbàdo ṣe kẹ́míkà. Lóko wa, ńṣe la máa ń dáná sun ún. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ó sì ti pẹ́. Furfural ni kẹ́míkà náà ń jẹ́. Furfur ni èdè Látìn ń pe èèrí, irú èyí tó ń ṣẹ́ kù nínú asẹ́ tí a bá sẹ́ ògì tán. Johann Wolfgang Döbereiner, ará Jámánì, kọ nípa rẹ̀ ní 1832. Ní 1922, ilé iṣẹ́ Quaker Oats bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèpo ọkà oat ṣe é fún títà ní Cedar Rapids, ní Iowa, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Lóde òní, Ṣáínà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, ṣùkù àgbàdo ni wọ́n sì ń lò.

Ìbéèrè: Iná kan náà ṣáà ni. Kí ló dé tí tiwa ń di eérú?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú. Ó sun èèpo kòkó, ó kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò onihò, ó da omi lé e. Omi tó ń kán nísàlẹ̀ a máa yọ̀ lọ́wọ́. Potássíọ̀mù inú rẹ̀ ló ń sọ àdí di ọṣẹ. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ eérú ìwọ̀nba ló jèrè. Ara èèpo yòókù ti bá èéfín lọ.

Àwọn tó ń ṣe furfural kì í jó ṣùkù, ńṣe ni wọ́n ń sè é. Wọ́n á dé e pa sínú àgbá irin, wọ́n á fi ooru omi híhó mú un gbóná kọjá 150°C, wọ́n á sì fi ásíìdì díẹ̀ sí i, irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Inú ṣùkù ni ṣúgà kan wà tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Ásíìdì á já ẹ̀wọ̀n náà, á sì yọ omi kúrò lára ṣúgà tó bọ́ sílẹ̀. Ohun tó kù ni furfural. Ásíìdì náà kò bá a lọ: tó bá já ọ̀kan tán, á bọ́ sórí òmíràn. Ooru omi yẹn náà ló ń gbé furfural jáde kíá, torí tó bá pẹ́ nínú àgbá, yóò lẹ̀ mọ́ra, yóò dúdú bí ọ̀dà.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń fi ṣe?

Ìdáhùn: Wọ́n ń fi í fọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́. Tí wọ́n bá sì fún un ní gáàsì háídrójìn, tí bàbà wà níbẹ̀ láti mú iṣẹ́ yá, yóò di ohun tí wọ́n fi ń mú iyanrìn le kí wọ́n tó da irin yíyọ́ sínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè sè é lẹ́yìnkùlé?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Òórùn rẹ̀ dára bíi ti àmọ́ńdì, májèlé sì ni. Àgbá tí ooru omi kún inú rẹ̀ náà lè bẹ́. Ṣùkù tiyín, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, kó jẹrà di ajílẹ̀ kí òjò tó dé.